Kálàmù oníyíǹkì tí ẹnu rẹ̀ ń ha ìwé: ẹ bá wa dá sí i

Akọ̀wé Ẹgbẹ́ (Ìyàrà)

Okun o, ẹ̀yin ará ilé. Èmi ni mo ń kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò wa, kálàmù oníyíǹkì ni mo sì fẹ́ràn láti máa lò, nítorí pé bírò a máa mú kí ọwọ́ ro mí bí ọ̀rọ̀ àwọn àgbà bá gùn. Méjì ló wà lọ́wọ́ mi. Ọ̀kan jẹ́ tuntun, ẹnu rẹ̀ jẹ́ irin lásán, ó sì máa ń ha ìwé gan-an nígbà tí mo bá fa ìlà láti òsì lọ sí ọ̀tún, ṣùgbọ́n kì í fi bẹ́ẹ̀ ha nígbà tí mo bá fà á padà. Èkejì jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ẹnu rẹ̀ jẹ́ wúrà, 14K ni wọ́n kọ sí i lára. Òun kì í ha ìwé rárá, ṣùgbọ́n kì í tètè mú ìwé: ìbẹ̀rẹ̀ lẹ́tà a máa fò kí yíǹkì tó yọ. Aládùúgbò mi kan tí ó ń kun mọ́tò ní òun ní sáńpépà tó kúnná, pé kí n ha ẹnu méjèèjì lórí rẹ̀ díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n gbà? Àwọn irinṣẹ́ wo ni mo sì ní láti wá?

Tíṣà Fẹ̀yìntì (Kàbà)

Má ṣe é, àbúrò mi. Sáńpépà tó kúnná lójú ẹni tó ń kun mọ́tò, àpáta ni lójú ẹnu kálàmù. Irin róbótó tí o ń rí ní ṣóńṣó ẹnu náà kì í ṣe irin kan náà pẹ̀lú ìyókù. Irin mìíràn tó le gan-an ni wọ́n jó mọ́ ibẹ̀, tí wọ́n sì là á sí méjì láàárín, kí ìwé má baà tètè jẹ ẹ́. Iridium ni wọ́n ń pè é láti ayé àtijọ́, orúkọ náà kò sì kúrò lẹ́nu àwọn èèyàn bó tilẹ̀ jẹ́ pé àdàlù osmium, ruthenium tàbí tungsten ló sábà máa ń wà níbẹ̀ lónìí. Ó kéré púpọ̀: lára kálàmù tí ìlà rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, kò pé mílímítà kan ní fífẹ̀. Ohun tí o bá fá kúrò níbẹ̀ kò ní hù padà.

Àìsàn méjì tí kò jọra lo kà kalẹ̀, ìwòsàn wọn kò sì lè jẹ́ ọ̀kan náà. Ṣùgbọ́n kí a tó dá ẹnu kálàmù lẹ́bi, ẹ jẹ́ ká rántí bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ètè méjì ló ní, àlàfo tẹ́ẹ́rẹ́ sì wà láàárín wọn láti ihò kékeré òkè títí dé ṣóńṣó. Yíǹkì kì í já bọ́ gba ibẹ̀ bí omi ẹ̀rọ. Tóóró àlàfo náà ló ń fà á wálẹ̀, ìwé sì ń gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ahọ́n dúdú tó wà lábẹ́ ló ń gbé yíǹkì wá láti inú, òun náà ló sì ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé rọ́pò èyí tó jáde. Lewis Waterman gba ìwé àṣẹ lórí irú ahọ́n bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1884, kálàmù òde òní kò sì tíì kúrò lórí ìlànà náà. Bí yíǹkì gbígbẹ bá wá dí ahọ́n yìí, tàbí bí òróró ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é kò bá tíì kúrò lára rẹ̀, kò sí bí a ṣe lè fá ẹnu tó tí kálàmù yóò fi kọ dáadáa.

Nítorí náà, fọ̀ ọ́ ná. Omi tútù ni, tàbí omi lílọ́wọ́ọ́wọ́. Omi gbígbóná lè ba kálàmù àtijọ́ jẹ́. Kán ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ abọ́ sínú ife omi kan, ẹ̀kán kan péré, fà á wọ inú kálàmù, tú u dànù, kí o sì máa fi omi lásán ṣe bẹ́ẹ̀ títí tí kò fi ní àwọ̀ mọ́. Bí omi kànga yín bá jẹ́ irú èyí tó máa ń fi ẹfun sílẹ̀ nídìí ìkòkò, má fi fọ̀ ọ́, lo omi òjò tàbí omi inú ọ̀rá. Rọ́bà kékeré tí àwọn ìyá fi ń fa ikun nímú ọmọ ọwọ́ dára gan-an fún fífún omi gba inú ẹnu àti ahọ́n kọjá, bí ẹnu rẹ̀ bá bá ọrùn kálàmù mu. Ra tuntun o, má ṣe gba ti ọmọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀.

Atúnaago (Ìsánlú)

Tíṣà ti sọ kókó. Iṣẹ́ aago ni mò ń ṣe, èmi a sì máa fi ojú ṣe é kí n tó fi ọwọ́ ṣe é. Wá awò kékeré tí ó ń sọ nǹkan di ìlọ́po 10, ó kéré tán. Irú èyí tí àwa atúnaago ń há sójú ni, àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà náà a máa lò ó. Bọ́ síta sínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, nítorí pé òjìji iná orí àjà a máa tan èèyàn jẹ. Di kálàmù mú kí ṣóńṣó rẹ̀ kọjú sí ọ tààrà, kí ahọ́n wà nísàlẹ̀. Orí irin kékeré méjì ni wàá rí, tí àlàfo wà láàárín wọn. Bí ètè méjèèjì bá dọ́gba, òkè wọn yóò bára mu, ìsàlẹ̀ wọn yóò bára mu. Bí ọ̀kan bá wálẹ̀ ju èkejì lọ, kódà kí ó máà ju ìdajì irun orí, etí inú èyí tó wálẹ̀ ni yóò máa gbẹ́ ìwé.

Ohun tí Akọ̀wé sọ nípa òsì àti ọ̀tún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ọ̀daràn hàn. Bí kálàmù bá ń ha nígbà tí ìlà ń lọ sápá ọ̀tún, ètè òsì ló sábà máa ń wálẹ̀ jù, nítorí pé etí inú rẹ̀, èyí tó kọjú sí ọ̀tún, ló ń ṣíwájú. Bí ó bá ń ha nígbà tí ìlà ń lọ sápá òsì, ètè ọ̀tún ni kí o fura sí. Bí ó bá ń ha ní gbogbo ọ̀nà, a jẹ́ pé ṣóńṣó fúnra rẹ̀ kò dán, tàbí pé ìwé náà ni kò dára. Òsì àti ọ̀tún ẹni tó ń kọ̀wé ni mò ń sọ o. Bí o bá ti yí ṣóńṣó kọjú sí ara rẹ, wọ́n ti pààrọ̀ àyè, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń tẹ ètè tí kò ṣẹ̀.

Láti tún un ṣe, ki etí èékánná àtàǹpàkò rẹ bọ abẹ́ ètè tó wálẹ̀, nítòsí ṣóńṣó, tì í sókè jẹ́jẹ́, kí o sì dì í mú níbẹ̀ fún ìwọ̀n ìgbà tí èèyàn fi lè mí lẹ́ẹ̀mejì. Irin a máa fẹ́ padà sí àyè rẹ̀, nítorí náà ó ní láti kọjá ibi tí o fẹ́ kí ó dúró sí díẹ̀. Fi í sílẹ̀, tún fi awò wò ó, kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀, tún un tì bí ó bá kù. O lè tẹ ètè tó ga wálẹ̀ dípò rẹ̀, ṣùgbọ́n ahọ́n abẹ́ rẹ̀ lè máà jẹ́ kí ó lọ tó. Má ṣe lo ẹ̀mú irin rárá. Ní ti wúrà, rọra ju bẹ́ẹ̀ lọ: ó tètè máa ń tẹ̀, ibi tí o bá sì tẹ̀ ẹ́ sí ló sábà máa ń dúró sí.

Obìnrin Oníwèé-ẹ̀rí (Odò-Ẹ̀rẹ̀)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin bàbá. Ìwé-ẹ̀rí ìgbéyàwó àti ti ìrìbọmi ni mo ń fi ọwọ́ kọ fún àwọn ìjọ agbègbè wa, mo sì fẹ́ fi ọ̀rọ̀ méjì kún un. Ìwé eṣasáìsì olówó pọ́ọ́kú ní fọ́nrán òwú tí ó máa ń há sínú àlàfo ẹnu kálàmù. Ìlà yóò kàn ṣàdédé sanra, èèyàn yóò sì rò pé kálàmù ti bàjẹ́. Ẹ dán kálàmù wò lórí ìwé tó dán kí ẹ tó dá a lẹ́jọ́. Èkejì ni bí a ṣe ń dì í mú. Ẹni tí bírò ti mọ́ lọ́wọ́ a máa gbé kálàmù dúró ṣánṣán, a sì máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ bí a bá jẹ́ kí ó dùbúlẹ̀ díẹ̀ lọ́wọ́, tí ẹ̀yìn ẹnu kọjú sókè tí kò yí sápá kan, ìwúwo rẹ̀ nìkan ti tó o láti kọ̀wé. Mo ti rí kálàmù tí wọ́n gbé wá fún àtúnṣe tí kò nílò ju kí ẹni tó ni ín yí ọwọ́ padà.

Mẹ́káníìkì (Mọ́pà)

Ẹ̀gbọ́n Atúnaago, ẹ kú làákàyè. Géèjì tí a fi ń wọn àlàfo púlọ́ọ̀gì ní ewé irin oríṣiríṣi, èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù lára tèmi jẹ́ 0.05 mílímítà. Mo máa ń fi í gba àárín ètè kálàmù kọjá láti fi kó èérí kúrò, ó sì máa ń ṣiṣẹ́. Ṣé kò burú?

Atúnaago (Ìsánlú)

Ìwọ̀n rẹ̀ dára, àbúrò. Ohun tí mò ń bẹ̀rù ni pé irin líle ni, etí rẹ̀ a sì máa mú; bí ó bá yẹ̀ lọ́wọ́ rẹ, yóò fa ojú inú àlàfo náà ya. Ewé idẹ tó nípọn bákan náà ni kí o wá, nítorí pé idẹ rọ̀ ju ẹnu kálàmù onírin lọ. Àwọn tó ń ta ohun èlò ẹ̀rọ a máa ní in. Kì í sì í ṣe èérí nìkan ni ó wúlò fún. Gbé ẹnu kálàmù sókè sí ojú ọ̀run, kí o wo àlàfo náà: ó yẹ kí ó fẹ̀ díẹ̀ nítòsí ihò, kí ó máa tóóró bọ̀ títí tí ètè méjèèjì yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn ní ṣóńṣó. Bí o kò bá rí ìmọ́lẹ̀ rárá láti òkè dé ìsàlẹ̀, tí kálàmù sì ń kọ gbígbẹ, ètè wọn fún jù. Ki ewé idẹ sínú àlàfo láti ibi ihò, fà á wá sí ṣóńṣó, kí o sì máa mì í díẹ̀ sọ́tùn-ún sósì bí o ti ń bọ̀. Lẹ́yìn náà kí o tún padà wo bí wọ́n ṣe dọ́gba sí, nítorí pé fífẹ̀ yìí a máa dà wọ́n rú.

Bí ó bá jẹ́ pé àlàfo ló ya jù ní ṣóńṣó, tí yíǹkì ń rọ́ jáde tàbí tí ó ń já lójijì, fi ọwọ́ tì ètè kan gba abẹ́ èkejì díẹ̀, dì í mú, tú u sílẹ̀, kí o sì gbé e gba òkè pẹ̀lú. Wọn yóò sún mọ́ra. Èyí kò gba ìkánjú.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́ (Ìyàrà)

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ètè òsì ni lóòótọ́, mo sì rí i kedere nínú awò tí mo yá. Ó ti dọ́gba báyìí, híha burúkú yẹn sì ti lọ, ó kù díẹ̀ tí mo ń gbọ́ bí ó bá ń kọjá lórí ìwé. Ti wúrà ni kò yí padà. Mo fọ̀ ọ́ títí omi fi mọ́, àlàfo rẹ̀ dára bí Ẹ̀gbọ́n ṣe ṣàlàyé, síbẹ̀ kò tètè mú ìwé.

Tíṣà Fẹ̀yìntì (Kàbà)

Ṣe ìdánwò yìí. Kọ ọ̀rọ̀ tí àmì pọ̀ lórí àti lábẹ́ rẹ̀, bí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀, kí o kọ ọ́ kún ìlà kan, kí o sì máa kọ gbogbo àmì ohùn àti àmì abẹ́. Èdè wa dára fún yíyẹ kálàmù wò, nítorí pé àmì kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ tuntun, kálàmù tí kì í tètè mú ìwé yóò sì fi ìdajì wọn sílẹ̀. Lẹ́yìn náà kọ ìlà kejì, kí o tẹ ọwọ́ díẹ̀ sí i. Bí àwọn àmì tó ń fò bá yọ nígbà tí o tẹ̀ ẹ́, ohun tó ń ṣe é ni pé etí inú ètè méjèèjì ti yí róbó jù, tí ẹnu àlàfo fi kásẹ̀ kúrò lójú ìwé: yíǹkì ti dé ṣóńṣó, ṣùgbọ́n kò kan ìwé àfi bí o bá tẹ ẹnu mọ́lẹ̀. Kálàmù bẹ́ẹ̀ a máa dán lọ́wọ́ bí epo, èyí ni kì í jẹ́ kí èèyàn fura. Dídán àdánjù ló sábà máa ń fa á, yálà láti ilé iṣẹ́ tàbí lọ́wọ́ ẹni tó kọ́kọ́ ni ín.

Ṣé o rí ìdí tí mo fi ní kí o má gbà sáńpépà? Ẹni tí ó bá ń wá kálàmù tí kò ní ro lórí ìwé rárá, àìsàn yìí ni yóò rí gbà níkẹyìn. Èmi a tilẹ̀ máa fẹ́ kí n gbọ́ ohùn ìwé díẹ̀ lábẹ́ kálàmù mi.

Ọmọ Ẹ̀gbẹ́ (Lọ́kọ́jà)

Ẹ jọ̀ọ́, mo gbọ́ pé pépà aláwọ̀ ilẹ̀ tó nípọn lè dán ẹnu kálàmù. Ṣé pépà àpò sìmẹ́ńtì kò ní dára? Ọbájáná tí wọ́n ti ń ṣe sìmẹ́ńtì kò jìnnà sí wa, àpò kò wọ́n.

Tíṣà Fẹ̀yìntì (Kàbà)

Pépà aláwọ̀ ilẹ̀ tí kò tíì di nǹkan rí lè dán an níwọ̀nba. Àpò tí sìmẹ́ńtì ti gbé inú rẹ̀, rárá o. Eruku rẹ̀ yóò fá ẹnu náà, yóò sì wọ inú àlàfo lọ bá yíǹkì. Ẹ jẹ́ kí àwọn bíríkìlà máa lò ó.

Obìnrin Oníwèé-ẹ̀rí (Odò-Ẹ̀rẹ̀)

Híha kékeré tó kù lára ti onírin yẹn ni a lè wá dán báyìí, lẹ́yìn tí ètè ti dọ́gba. Kò yẹ ká ṣe é ṣáájú. Micro-Mesh, aṣọ ìdán tó kúnná ju sáńpépà mọ́tò lọ fíìfíì, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 12000 ni mo máa ń lò, tàbí lapping film, ọ̀rá ìdán tẹ́ẹ́rẹ́, tí ìyẹ̀fun ojú rẹ̀ jẹ́ máíkírọ̀n 1 (ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mílímítà), kí n sì fi ti 0.3 parí rẹ̀. Orí íntánẹ́ẹ̀tì la ti ń rà wọ́n, wọn kì í sì í tètè tán nítorí pé ègé kékeré kan a máa pẹ́. Ẹni tí kò bá rí wọn, kí ó lọ sí ìsọ̀ àwọn tó ń ṣe èékánná, kí ó ra pátákó ìdán-èékánná tó ní ojú mẹ́rin. Ojú tó kẹ́yìn, èyí tó ń mú èékánná kọ mànà, nìkan ni kí ó lò. Àwọn ojú yòókù jẹ́ ti èékánná, wọ́n le jù.

Fi yíǹkì sílẹ̀ nínú kálàmù, nítorí pé ojú tó tutù kì í jẹ irin bí èyí tó gbẹ. Di kálàmù mú gẹ́gẹ́ bí o ṣe ń dì í mú bí o bá ń kọ̀wé, kì í ṣe bí o ṣe rò pé ó yẹ kí o máa dì í mú. Má tẹ̀ ẹ́ rárá. Ya òǹkà 8 tó dùbúlẹ̀, ya òrùka kékeré sápá ọ̀tún, ya á sápá òsì, kí o sì máa yí ọwọ́ díẹ̀ díẹ̀ bí o ti ń yà á, kí ojú kan má baà tẹ́ pẹrẹsẹ. Lẹ́yìn ìwọ̀nba bẹ́ẹ̀, dúró, nù ún pẹ̀lú aṣọ tí kì í tú òwú, kí o kọ̀wé lórí ìwé tó dára. Etí ni kí o fi ṣọ́ ọ: ohùn ṣíṣáá tó ń wá láti apá kan yóò kọ́kọ́ di wúyẹ́wúyẹ́, lẹ́yìn náà yóò dọ́gba ní gbogbo ọ̀nà. Ibi tó bá ti dọ́gba ni kí o ti dáwọ́ dúró, bí ó tilẹ̀ ń ṣe ọ́ bíi pé kí o fi ẹyọ kan kún un. Ẹyọ kan yẹn ni ó máa ń bà á jẹ́. Níkẹyìn, fọ kálàmù náà mọ́, kí lẹ́búlẹ́bú tó wọ àlàfo lè jáde.

Bí ẹnu kálàmù yín bá jẹ́ irú èyí tí a gé pẹrẹsẹ fún ìkọ̀wé oníṣọ̀nà, tí ìlà tó ń fà wálẹ̀ nípọn tí ti ìbú sì tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ má ṣe dán igun rẹ̀ méjèèjì ju fífi ọwọ́ kàn wọ́n lásán lọ. Igun yẹn la tìtorí rẹ̀ rà á.

Ti wúrà, ọ̀nà tí a fi ń wo irú rẹ̀ sàn ni kí a fá ṣóńṣó náà sílẹ̀ díẹ̀ títí ẹnu àlàfo yóò fi tún kan ìwé, kí a sì wá dán an padà. Iṣẹ́ ọwọ́ tó ti mọ́ra ni. Má fi kálàmù ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ kọ́ ọ. Ra olówó pọ́ọ́kú kan fún ẹ̀kọ́. Kí o tó ṣe ohunkóhun, yí yíǹkì padà ná, nítorí pé yíǹkì kan a máa ṣàn ju òmíràn lọ, ó sì lè tó láti bo àléébù kékeré.

Ọmọ Ẹ̀gbẹ́ (Lọ́kọ́jà)

Ẹ jẹ́ kí n fi kún ti yíǹkì: ẹ má ṣe da yíǹkì sítáǹpù sínú kálàmù, kò sí ohun tó lè dí ahọ́n rẹ̀ tó o. Lásìkò ọyẹ́ náà, ẹ máa dé ìdérí rẹ̀ bí ẹ bá ń dúró gbọ́ ọ̀rọ̀ láàárín ìpàdé, nítorí pé omi inú yíǹkì máa ń gbẹ ní ṣóńṣó kí èèyàn tó mọ̀.

Mẹ́káníìkì (Mọ́pà)

Ẹni tó ń fi ọwọ́ òsì kọ̀wé ńkọ́? Ọmọ mi obìnrin nìyẹn, gbogbo kálàmù ló ń há mọ́ ọn lọ́wọ́.

Obìnrin Oníwèé-ẹ̀rí (Odò-Ẹ̀rẹ̀)

Ó ń ti ẹnu kálàmù síwájú dípò kí ó máa fà á, ìdí nìyẹn. Ètè tó dọ́gba pátápátá ni yóò wúlò fún un jù, nítorí pé àìdọ́gba tí àwa kò ní mọ̀ lára, òun yóò mọ̀ ọ́n. Kí ó yí ìwé rẹ̀ díẹ̀ sápá ọ̀tún, kí ọwọ́ rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ìlà, kí ẹ sì wá yíǹkì tó tètè ń gbẹ lórí ìwé fún un.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́ (Ìyàrà)

Mo lo pátákó èékánná náà, ojú tó kẹ́yìn, kò sì pẹ́ tí híha ti onírin fi lọ. Ìpàdé tó ń bọ̀ ni màá fi ṣí i. Ti wúrà yọ nínú ìdánwò Tíṣà gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́: ìlà àkọ́kọ́ fi àmì púpọ̀ sílẹ̀, ìlà kejì mú gbogbo rẹ̀. Yíǹkì tó ń ṣàn dáadáa dín in kù, kò pa á rẹ́. Màmá, bí ẹ bá lè bá mi ṣe é, màá fi í rán sí yín ní Odò-Ẹ̀rẹ̀.

Obìnrin Oníwèé-ẹ̀rí (Odò-Ẹ̀rẹ̀)

Fi í ránṣẹ́, ọmọ mi. Da yíǹkì inú rẹ̀ nù, fọ̀ ọ́, jẹ́ kí ó gbẹ, kí o sì jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ kọjú sókè nínú páálí. Fi ìwé kékeré kan sí i tí o fi ọwọ́ ara rẹ kọ pẹ̀lú kálàmù náà, kí n lè rí bí o ṣe ń dì í mú.